Gbèsè Ọ̀rọ̀ Ẹnu

Ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kejì ọdún 2024, Raudah ọmọ Yahya Abọ́dúnrìn kú ní ilé ìwòsàn kan ní Torino. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á, àrùn tó ti ń bá a rìn láti kékeré, tí gbogbo ilé sì ti rò pé ó ti rẹ àrùn náà fúnra rẹ̀.

Nígbà tí ìwé òkú jáde, wọ́n sin ín sí apá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn Mùsùlùmí ní itẹ́ òkú. Abọ́dúnrìn kò lọ. Òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ dé ẹnu kòtò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe é ní Nichelino lẹ́bàá Torino, nínú ilé àjà kẹta tí òun àti Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ jókòó sí. Kàmíìlù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n jọ ń yọ́ irin ní Brescia, ló dúró fún un níbi ìsìnkú. Nígbà tó padà dé, ẹrẹ̀ wà lára bàtà rẹ̀. Àríkẹ́ gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó sì gbé e fún un padà.

Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n ṣe àdúrà fún un nínú gbọ̀ngàn tí àwọn Mùsùlùmí Yorùbá yá lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí àdúrà parí, Lemọ́mù dìde, ó sọ ohun tí Lemọ́mù máa ń sọ. Ó ní ẹni tí olóògbé bá jẹ ní gbèsè, kí ó tọ ẹbí lọ. Ẹni tí kò bá sì fẹ́ gbà á mọ́, kí ó fi jì í nítorí Ọlọ́run, torí gbèsè a máa dá ẹ̀mí òkú dúró lọ́nà. Àwọn ènìyàn ṣe àmín, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàtà wọn. Gbèsè wo ni ọmọ ọdún mọ́kànlélógún fẹ́ jẹ?

Òyìnbó kan jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó gbé bàtà rẹ̀ lé itan nítorí kò mọ ibi tí wọ́n ń kó o sí. Fáda ni. Don Lorenzo ni wọ́n ń pè é, ìjọ Kátólíìkì kan ní àdúgbò náà ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Kàmíìlù jókòó tì í, ó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ Lemọ́mù fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó mi orí.

Nínú oṣù kẹfà, Don Lorenzo wá sí ilé wọn. Àríkẹ́ gbé omi ọsàn síwájú rẹ̀. Ó mu ún, ó yìn ín, ó sì ń yí ife náà ká lórí tábìlì bí ẹni tí kò rí ẹnu ọ̀rọ̀.

Abọ́dúnrìn mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọ̀rọ̀ fáda yìí ló dá ìjà sílẹ̀ nínú ilé náà lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ọdọọdún ni ìjọ rẹ̀ máa ń kó àwọn ọmọ tí ayé kò rọ̀ fún lọ sí ilé ńlá kan lórí òkè, lápá òkè Pinerolo: ọmọ tí bàbá rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n, ọmọ tí oògùn olóró ti gba ìyá rẹ̀, ọmọ tí ìjọba ti gbà lọ́wọ́ òbí. Wọ́n á lo ìsinmi níbẹ̀, wọ́n á gba atẹ́gùn, wọ́n á kọ́ orin àti àdúrà. Campo ni wọ́n ń pè é. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú wọn, lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Animatore ni orúkọ wọn. Raudah ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, bàbá rẹ̀ kò sì fẹ́ ẹ rárá.

Kì í ṣe pé Abọ́dúnrìn kórìíra onígbàgbọ́. Ìdajì àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níwájú iná ní Brescia, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ó gbà pé kí oníkálukú jókòó sí ilé tirẹ̀, kí ó máa kí èkejì láti ojú fèrèsé. “Ọmọ Mùsùlùmí á wá máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lórin ìjọ?” ló bi Raudah. Raudah fi èdè Ítálì dá a lóhùn, bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ṣe máa ń dá òbí wọn lóhùn. Ó ní òun kì í kọrin, pé imú ni òun máa ń nù fún wọn. Ó kó aṣọ rẹ̀ sínú báàgì, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ.

“Signor Abọ́dúnrìn,” ni Don Lorenzo wí níkẹyìn, “lọ́jọ́ àdúrà yẹn, wọ́n ní kí ẹni tí Raudah bá jẹ ní gbèsè wá bá ẹbí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó jẹ ọmọ kan ní gbèsè.”

Àríkẹ́ gbé ojú sókè. Abọ́dúnrìn kò mira. “Èló ni?”

“Kì í ṣe owó.”

Ó wá ṣàlàyé. Ọmọbìnrin kan wà tí ń jẹ́ Sofia, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí campo bá parí, àwọn òbí máa ń gòkè wá mú ọmọ wọn. Ìyá Sofia kò wá rí. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí gbogbo ọmọ ti lọ tán, Raudah jókòó tì í lórí àga gbọọrọ níwájú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú. Ó sì ṣèlérí fún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, òun á wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn, òun á jókòó tì í títí ẹnìkan á fi wá.

“Ṣé ó fi ‘bí Ọlọ́run bá fẹ́’ sí i?” ni Abọ́dúnrìn béèrè.

“Kí lẹ wí?”

“Nígbà tó ń ṣe ìlérí náà. Àwa kì í sọ pé a ó ṣe nǹkan lọ́la láìfi ‘bí Ọlọ́run bá fẹ́’ sí i. Tó bá fi sí i, a jẹ́ pé Ọlọ́run ni kò fẹ́. Kò jẹ gbèsè.”

“N kò sí níbẹ̀,” ni fáda wí. “Ọmọ náà nìkan ló mọ̀. Ó ti wà ní Padova báyìí, ní casa famiglia, ilé tí ìjọba ti ń tọ́ irú wọn. Ṣùgbọ́n yóò wá sí campo. Kò tíì gbọ́ pé Raudah ti kú. Mo rò pé bóyá ẹ lè kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i.”

“Wọn kì í fi ìwé túfọ̀ fún ọmọdé. Ẹ má sọ fún un, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ẹbí ló ń túfọ̀.” Abọ́dúnrìn na ẹ̀yìn ró. “Ọjọ́ wo ni wọ́n ń gòkè?”

Don Lorenzo wo Àríkẹ́. Àríkẹ́ wo ọkọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

“Bàbá Raudah,” ló wí, “kí lẹ ó máa jẹ níbẹ̀?”

Nígbà tí Kàmíìlù gbọ́, ó wá láti fojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá Abọ́dúnrìn níbi tó ti ń di ẹrù. “Yahya, wọ́n ní o fẹ́ lọ jẹ fáda.”

“Wọ́n purọ́ fún ọ.”

“Fáda kì í láya o. Ṣé Ìyá Raudah ti gbọ́ apá ibẹ̀?”

Abọ́dúnrìn ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó fi í lé orí aṣọ. “Gbèsè ni mo fẹ́ lọ san.”

Kàmíìlù kò ṣe àwàdà mọ́. Ó bá a gbé àpótí náà sọ̀kalẹ̀.

Ilé orí òkè náà, ilé òkúta ni, igi páìnì yí i ká. Wọ́n fún Abọ́dúnrìn ní ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo animatore ń wọ̀. Kò gbà á lára, síbẹ̀ ó wọ̀ ọ́ lé orí ẹ̀wù alápá gígùn rẹ̀. Àgbà ni láàárín àwọn ọmọ yunifásítì. Wọ́n ní kó máa bójú tó ilé oúnjẹ àti ìrìn ọ̀sán, kí ó sì dúró ti ẹgbẹ́ Sofia pẹ̀lú Kíkí. Kíkí yìí, ọ̀rẹ́ Raudah ni láti ilé ẹ̀kọ́. Onígbàgbọ́ ni, Fọláyan ìyá rẹ̀ ń dirun ní Torino, Ítálì sì ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀ kí Abọ́dúnrìn, orúnkún kan nìkan ló kan ilẹ̀ nítorí ṣòkòtò tó fún un.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Tutto bene? Ṣé dáadáa ni? Ẹ ti jẹun?”

Kó tó dáhùn, ọmọ tín-ín-rín kan ti sáré dé, irun rẹ̀ dà bí irun orí àgbàdo tútù. Kò kí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń wò, ó ń wo inú ọkọ̀.

“Ìwọ ni bàbá Raudah? Raudah dà?”

Kò sí ọmọ Yorùbá tó jẹ́ pe àgbàlagbà ní ‘ìwọ’ báyẹn. Àwọn ọmọ ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Abọ́dúnrìn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe déédéé.

“Ara rẹ̀ kò yá,” ló wí.

Bí a bá fẹ́ túfọ̀ fún ènìyàn nílé wa, a kì í la ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lórí. A ó ní ara ẹni náà kò yá. A ó jókòó. A ó ní kí wọ́n bu omi wá. Kí omi tó dé, onítọ̀hún á ti ká ọwọ́ lérí, nítorí ó mọ̀ pé ẹnìkan kì í tìtorí ibà rìn láti ìlú dé ìlú. Bí Abọ́dúnrìn ṣe gbọ́ ikú bàbá tirẹ̀ nìyẹn, kódà lórí fóònù ní Brescia. Nítorí náà ó sọ ọ́, ó sì ń retí kí ojú ọmọ náà yí padà.

Ojú ọmọ náà yí padà lóòótọ́. Ó tàn.

“Lọ́dún tó kọjá náà ara rẹ̀ kò yá,” ni Sofia wí. “Wọ́n gbé e sùn, ó sì dìde. Ṣé á wá lọ́jọ́ ìkẹyìn?”

Abọ́dúnrìn la ẹnu. Ohun tó jáde kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. “Ká ṣì máa wò ó ná,” ló wí. Ọmọ náà sáré padà, ó ń pariwo fún àwọn yòókù pé Raudah ń bọ̀ lọ́jọ́ ìkẹyìn. Kíkí dúró síbẹ̀, ó ń wo bàbá náà.

Iṣẹ́ pọ̀ níbẹ̀ ju bí ó ṣe rò lọ. Àwọn ọmọ náà ń jà nítorí síbí, wọ́n ń jà nítorí ẹni tó kọ́kọ́ rí òkété orí òkè. Àwọn kan ń jẹun bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ mìíràn ń tọ̀ sílé, á sì jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti fi aṣọ bo ibẹ̀. Abọ́dúnrìn máa ń bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ gbé aṣọ náà lọ síbi ìfọṣọ, wọn kì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí àwọn yòókù bá ń kọrin àárọ̀ nínú ilé àdúrà, òun á máa gbá iwájú ilé.

Nígbà tó rí ẹrẹ̀ tí wọ́n ń gbé wọ ilé oúnjẹ, ó ní kí gbogbo wọn bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tò ó ní méjì-méjì, kí orí rẹ̀ kọjú síta. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ìgànná.

“Wọn kì í bọ́ bàtà nílé wa,” ni ọmọ kan wí.

“Ṣé ilé yín nìyí?”

Ọmọ náà bọ́ bàtà. Don Lorenzo náà dé, ó wo bàtà tó tò lọ bẹẹrẹ, ó wo Abọ́dúnrìn, ó bọ́ tirẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ síta láti inú ìbọ̀sẹ̀.

“Don Lorenzo, ìka ẹsẹ̀ rẹ ń wò wá,” ni Sofia wí.

Gbogbo ilé oúnjẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú Kíkí. Abọ́dúnrìn kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ní láti kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó igi sí ni Abọ́dúnrìn ti ń kírun. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń tẹ́ ẹní, ó rí Sofia tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Raudah kì í ṣe é níbí,” ni ọmọ náà wí.

“Kí ni kì í ṣe níbí?”

“Ohun tí o fẹ́ ṣe yẹn. Ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ti máa ń ṣe é. Ó ní ibẹ̀ ló kọjú síbi tó yẹ. Mo máa ń bá a ṣọ́ ọ kí àwọn yòókù má wá dà á láàmú.”

Abọ́dúnrìn ká ẹní rẹ̀. Ó tẹ̀lé ọmọ náà lọ sẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí koríko ti tẹ́jú. Ọmọ náà kẹ́yìn sí i, ó ká ọwọ́ pọ̀ mọ́ àyà bí sójà. Bàbá náà kírun, kò sì mọ iye rákà tó kí. Ó ní láti tún un kí.

Síbẹ̀ kò tíì sọ fún un. Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé lónìí ni, lójoojúmọ́ ni ọmọ náà sì ń fi àga kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ nídìí tábìlì. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó síbẹ̀, á tì í kúrò. Àga Raudah ni.

Kíkí ló wá bá a níbi tó ti ń nu tábìlì. Ó ti ilẹ̀kùn.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ti sọ fún un?”

“Mo ń wá àyè.”

“Ó ń tọ́jú bísíkíìtì dè é. Sotto il cuscino, lábẹ́ ìrọ̀rí. Èèrà ti kún orí bẹ́ẹ̀dì. Bàbá, così non va, kò lè máa lọ báyìí. Bí ẹ ò bá sọ fún un, èmi á sọ fún un.”

“Ìwọ wo?” Ohùn Abọ́dúnrìn le. “Ìwọ a máa túfọ̀ ọmọ mi? Ṣé ẹbí ni ọ́?”

Kíkí mú àkísà kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tí bàbá náà ti nù tẹ́lẹ̀.

“Mi ò wá síbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ,” ló wí. “Ó yẹ kí n wá. Ẹ̀rù yín ló bà mí. Èmi àti Raudah la jọ jókòó láti kíláàsì àkọ́kọ́. Èmi náà sunkún, Bàbá. Kò sẹ́ni tó kí mi kú ara fẹ́ra kù.”

Abọ́dúnrìn jókòó. Lẹ́yìn náà ó ní, “Kú ara fẹ́ra kù, ọmọ mi. Ọlọ́run á dá ìyókù sí.”

“Àmín,” ni Kíkí wí, ó sì ń nu tábìlì lọ.

Ó ku ọ̀la kí àwọn òbí gòkè, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síbi orísun omi kan nínú igbó páìnì. Wọ́n ń bu omi sínú ìgò, wọ́n ń da omi síra wọn lára. Abọ́dúnrìn pe Sofia jókòó lórí igi tó wó.

“Kí ni Raudah sọ fún ọ gan-an lọ́dún tó kọjá?”

“Pé òun á wà níbí lọ́jọ́ ìkẹyìn. Pé òun á jókòó tì mí títí ẹnìkan á fi wá.”

“Ṣé kò fi nǹkan kan sí i? Bí Ọlọ́run bá fẹ́?”

“Ó fi sí i. Mo ní kí ó yọ ọ́.”

“Èéṣe?”

“Ìyá mi náà máa ń sọ ọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti sọ ọ́, kì í wá. Mo ní kí Raudah tún un sọ, kó má fi ìyẹn sí i. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní bàbá òun á bínú.” Ọmọ náà wò ó látòkè délẹ̀. “Ìwọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tún un sọ.”

Ọ̀nà kan ṣoṣo tí Abọ́dúnrìn lè gbà bọ́ ti dí. Omi ń ṣàn lọ lẹ́sẹ̀ wọn. Láti oṣù kejì, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ara rẹ̀. Fún àwọn ará ilé, ó ní Raudah ti ṣíwájú. Fún àwọn ará mọ́sálásí, ó ní Ọlọ́run ti gba nǹkan rẹ̀. Nínú èdè Ítálì, kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí a lè fi bò ó.

“Raudah è morta,” ló wí. “Raudah ti kú. Nínú oṣù kejì. Ara rẹ̀ kò yá, kò sì dìde.”

Sofia ń yí ìdérí ìgò rẹ̀. Ó yí i dì, ó yí i sílẹ̀, ó tún yí i dì.

“Nígbà tí mo bi ọ́, o ní ara rẹ̀ kò yá.”

“Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn.”

“O purọ́.”

Ẹni tí yóò pe Yahya Abọ́dúnrìn ní onírọ́ lójú, kò tíì sí. “Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí. “Mo purọ́.”

Ọmọ náà kò sunkún. Ó jọ pé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí ènìyàn máa retí ẹnìkan kí onítọ̀hún má sì dé.

“Gbọ́,” ni bàbá náà wí. “Nínú ẹ̀sìn wa, gbèsè tí òkú bá jẹ, ẹbí ní í san án. Ìdí tí mo ṣe wá nìyẹn. Èmi ni n ó jókòó tì ọ́ lọ́la dípò rẹ̀. Bí o kò bá sì fẹ́ mi, o lè fi jì í. Ṣáà sọ pé, ‘Mo fi jì í.’ Ó ti parí.”

“Bí mi ò bá sọ ọ́ ńkọ́?”

“Gbèsè náà á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.”

“Níbi tó wà yẹn?”

“Níbi tó wà yẹn.”

Sofia ronú. Ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ ti ewé kan sínú omi, ó ń wò ó bó ṣe ń lọ.

“Ẹni tó jẹ gbèsè, ṣé ó máa ń rántí ẹni tó jẹ?”

“Kò lè gbàgbé rẹ̀,” ni Abọ́dúnrìn wí. Kó tó sọ ọ́ tán, ó ti rí ibi tí ọmọ náà ń lọ, ṣùgbọ́n kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

“Nígbà náà mi ò fi jì í,” ni Sofia wí. Ó gbé ìgò rẹ̀, ó dìde, ó sì lọ bá àwọn yòókù. Ó ku díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yíjú padà. “Ìwọ má jókòó tì mí lọ́la. Ìwọ kọ́ lo jẹ mí.”

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìyá Sofia ti fi fóònù bá Don Lorenzo sọ̀rọ̀. Marghera ló ń gbé báyìí, ó ń gbálẹ̀ nínú ilé ìkẹ́rù kan lẹ́bàá èbúté. Ó ní òun á wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀. Sofia ti wẹ̀, Kíkí ti di irun rẹ̀ ní méjì. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta ní òjìji ilé, àpótí rẹ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Abọ́dúnrìn lọ jókòó sórí àga gbọọrọ níwájú ilé. Kò pè é, kò sì súnmọ́ ọn. Ó jókòó ṣáá, ẹ̀yìn rẹ̀ nà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún.

Ọkọ̀ ń dé, ọkọ̀ ń lọ. Bàbá kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fún ọjọ́ kan péré wá mú ọmọkùnrin rẹ̀, ó gbé e sókè, kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá àgbà kan rìn kiri kí ó tó rí ọmọ ọmọ rẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Kíkí gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá. Abọ́dúnrìn gé tirẹ̀ sí méjì, ó gbé ìdajì sórí ògiri kékeré tó wà láàárín òun àti ọmọ náà, ó sì padà jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀. Sofia dìde, ó mú un, ó sì padà sí àyè rẹ̀.

Don Lorenzo jáde, ó ń di fóònù mú. Ó pe nọ́ńbà ìyá náà, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa. Ó tún un pè. Ó wo Abọ́dúnrìn, ó sì padà wọlé.

Oòrùn yí. Òjìji kúrò lórí àtẹ̀gùn, Sofia sì sún àpótí rẹ̀ tẹ̀lé e. Òjìji tún sún, òun náà tún sún, títí ó fi dé ibi tí kò sí ibòmíràn tó tutù mọ́ àfi orí àga gbọọrọ náà. Ó jókòó sí ìkángun rẹ̀. Ó kẹ́yìn sí bàbá náà. Abọ́dúnrìn kò yíjú. Àkókò ìrun ọ̀sán ti ń lọ, kò dìde. Ó kí i níbi tó jókòó sí, bí aláìsàn ṣe ń kí i, ó ń fi orí nìkan tẹ̀ ẹ́.

“Àpá iná pọ̀ lọ́wọ́ rẹ,” ni Sofia wí láìwẹ̀yìn. Bóyá ó ti yọjú wò ó tẹ́lẹ̀.

“Iṣẹ́ irin ló fà á.”

“Raudah sọ fún mi. Ó ní o lè fi ọwọ́ lásán gbé ìkòkò gbígbóná.”

“Ó fi kún un.”

“Mo mọ̀.”

Nígbà tí ọkọ̀ kékeré funfun kan yọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ọmọ náà dìde dúró gbọnrangandan. Obìnrin tó sọ̀kalẹ̀, educatrice ni, ọ̀kan nínú àwọn tó ń tọ́jú wọn ní Padova. Ó rìn kánkán, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn. Ó ní ìyá náà ló ránṣẹ́ sí àwọn pé iṣẹ́ kò jẹ́ kí òun lè wá.

Sofia gbé àpótí rẹ̀. Kíkí dì mọ́ ọn, Don Lorenzo fi ọwọ́ ya àmì àgbélébùú sí iwájú orí rẹ̀. Níkẹyìn ó dúró níwájú Abọ́dúnrìn. Bàbá náà ti múra láti má bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi jì í.

“O dúró,” ni ọmọ náà wí. “Mo rí i.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣùgbọ́n ó ṣì jẹ mí.”

“Mo ti gbọ́.”

Ó wọ ọkọ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkọ̀ náà yí lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rí ojú ọ̀nà, ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ láàárín àwọn igi. Abọ́dúnrìn dúró títí kò fi gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Gbèsè tó wá san, ó ń gbé e padà lọ sílé. Ó wá a nínú ara rẹ̀ bóyá inú ń bí òun, kò rí i. Ohun tó rí ni pé ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Padova, ẹnìkan wà tí kò ní jẹ́ kí Raudah lọ pátápátá, òun náà kò sì lágbára láti sọ pé kí ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Ó wọlé, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè, òun àti Kíkí bẹ̀rẹ̀ sí í ká àwọn bẹ́ẹ̀dì. Ohun tí wọ́n bá rí lábẹ́ wọn àti lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń kó o sórí tábìlì. Ohun tí àwọn ọmọ náà fi sílẹ̀ nìwọ̀nyí:

Ìbọ̀sẹ̀ tó pọ̀, tí kò sí méjì tó bára mu.

Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín aláwọ̀ ewé.

Táwẹ̀lì kan tí wọ́n fi òwú kọ orúkọ ọmọ mìíràn sí lára.

Awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti kán.

Eyín ọmọdé kan, tí wọ́n fi bébà dì.

Ìdajì àwòrán ìgbéyàwó, ìyàwó nìkan ló wà níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ ilé kan, okùn wà lára rẹ̀.

Káàdì fóònù tí owó ti tán nínú rẹ̀.

Ẹ̀wù òtútù kan, tí àpò rẹ̀ kún fún òkúta wẹ́wẹ́.

Òòyà kan, irun ṣì wà nínú rẹ̀.